Wúrà Ìyá Wa

Ẹni tó bá tún dárúkọ Íjíbítì létí mi nínú ilé yìí, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà.

Lùkmọ́nù àbúrò mi ló kó ọ̀rọ̀ náà dé. Ọjà kùtà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Àbíjáǹ, ó padà sí Isundunrin, kò sì ríṣẹ́ ṣe ju kó máa wo fídíò lórí fóònù. Bí a bá ti ń jẹun, á bẹ̀rẹ̀: àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ gbà pé òkú á tún máa jẹ, á tún máa mu, ni wọ́n ṣe ń kó búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀dì àti wúrà sínú sàréè ọba. Wọ́n ní wọ́n á gbé ọkàn òkú sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ. Tí ọkàn bá wúwo jù, ẹranko kan á gbé e mì. Mo fẹ́ràn ti òṣùwọ̀n yẹn, n kò ní purọ́. N kò mọ̀ pé ti àwọn tó ń wú sàréè náà, tí wọ́n ń kó wúrà jáde, ló wà lọ́kàn tirẹ̀.

Lánàá, mo ń lọ sí ọjà Èjìgbò, n kò rí ọkọ̀, mo bá padà sílé. Mo bá Lùkmọ́nù lẹ́yìnkùlé, nínú sàréè ìyá wa, tòun ti ṣọ́bìrì. Ó ti wa yẹ̀pẹ̀ kúrò títí kan pákó tí a fi bo òkú. Korobá omi àti ife wà létí ihò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ̀gbà ọrùn wúrà Màmá, yẹtí wọn, a ò rí ọ̀kankan nígbà tí wọ́n kú. Níbo ló tún lè wà?”

“Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo fi aṣọ funfun dì wọ́n. Kò sí nǹkan mìíràn lára wọn. Àbí Íjíbítì la sin wọ́n sí?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di pákó kan mú. Mo bọ́ sínú ihò náà, mo nà gbalaja lé pákó lórí.

“Bí wọ́n bá gbé ọkàn rẹ sórí òṣùwọ̀n lónìí, ẹranko yẹn ti yó. O fẹ́ wúrà? Òun ló wà nínú korobá yẹn, tí o ti ń mu láti àárọ̀.”

Nígbà tí àìsàn wọ Ìyá lára, wọ́n ní kí n ta gbogbo wúrà wọn, kí n fi gbẹ́ kànga ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, tí a ń pọn omi rẹ̀ mu, kó jẹ́ sàráà. Ẹni yòówù tó bá mu níbẹ̀, wọ́n ní láádá rẹ̀ á máa bá àwọn nínú sàréè. Wọ́n kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má di ṣekárími. Ọmọkùnrin yìí ló jẹ́ kí n tú àṣírí náà. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

“Páádọ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ń bẹ̀bẹ̀ bíi tàwọn ará Àbíjáǹ.

Mo ní kó dá yẹ̀pẹ̀ padà. Oòrùn ń pa á, n kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó wo korobá náà, kò gbójúgbóyà láti bu omi níbẹ̀. Ó wù mí kí n da omi náà sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìbáà jẹ́ olè ló mu ún, ọ̀dọ̀ Ìyá ni láádá rẹ̀ ń lọ.

Mo bu omi kún ife, mo nà án sí i.

“Mu ún,” mo ní. “Mu ún tán.”