Ẹni Tí Mo Fún Ní Ìjókòó Iwájú

Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ṣómólú tí wọ́n fi orúkọ mi sin. Èmi Àkànó ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò kú, orí mi sì pé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo ibẹ̀.

Ọdún pẹ́ tí mo ti ń rìnrìn àjò òwò. Abọ́ tánganran ni mo ń kó lọ sí Ìlọrin, òrí ni mo ń kó bọ̀. Kò sí ilé àlejò lójú ọ̀nà yẹn tí àwọn ìdun ibẹ̀ kò mọ̀ mí, kò sì sí ibi tí táyà ò tíì bẹ́ fún wa. Bí mo bá jèrè, mo máa ń dúpẹ́. Bí òjò bá pa ẹrù mi, mo máa ń bú dírẹ́bà. Bí ayé oníṣòwò ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1956, ẹ̀rù máa ń bà mí kí n tó gun ọkọ̀, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní gáréèjì Ìbàdàn. Mo ti sanwó ìjókòó iwájú nínú bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Èkó, àfi bí wọ́n ṣe ní òrí mi kò tíì dé láti Ìlọrin. Inú ń bí mi burúkú. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti sún mọ́ mi. Ó ga tó mi, gọ̀mbọ́ ojú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè yín. Ìyá mi ń dúró dè mí ní Fádèyí. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé òní ni mò ń bọ̀."

Mo fún un. Èmi tí mo máa ń so ẹrù mọ́ ẹsẹ̀ sùn, mo tún gbé àpò mi, tí orúkọ mi àti ti àdúgbò wa wà lára rẹ̀, lé e lọ́wọ́, pé kó bá mi mú un dé ilé, kí ìyàwó mi lè mọ̀ pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Mi ò bi í lórúkọ. Ta ló ń béèrè orúkọ ní gáréèjì?

Ọkọ̀ náà já sí kòtò lẹ́yìn Ṣàgámù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé òkú dé Ṣómólú. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n gọ̀mbọ́ ṣì hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ kan, àpò mi sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo wọ àdúgbò. Látífàt, aládùúgbò wa, ń fọ aṣọ. Ó wò mí, ó ju aṣọ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ní ṣé orí rẹ̀ dàrú ni. Mo kan ilẹ̀kùn ilé mi. Mojíbọ́lá ìyàwó mi dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá Fadékẹ́, a ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ má ṣe dẹ́rù bà wá."

Mo bú u. Mo bú gbogbo ilé. Àṣé àkúdàáyà ni wọ́n pè mí! Fadékẹ́, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ló ṣílẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màámi, ọwọ́ wọn gbóná o." Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé bú sẹ́kún.

Ayọ̀ náà kò ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n bi mí pé ta wá ni àwọn sin. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró, mo sì gbé e mì, torí pé ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Pé ikú tèmi ni ọmọ rẹ̀ kú?

Mo padà sójú ọ̀nà, torí ikùn kì í gbọ́ ọ̀fọ̀. Bí mo bá ń bọ̀, Palmgrove ni mo máa ń sọ̀, kí ọkọ̀ má baà gbé mi dé Fádèyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ, kò sí ọgbọ́n, ibẹ̀ la máa gbà kọjá, torí inú Èkó ni ọkọ̀ ti ń gbéra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí ìyá arúgbó kan lẹ́bàá títì, tó gbé abọ́ tí wọ́n dé lọ́wọ́, tó ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ orí ba. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá jókòó sí nínú ọkọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà létí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Ká ní ó ń bínú ni, ǹ bá bá a jà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mojíbọ́lá jókòó tì mí.

"Bàbá Fadékẹ́, ọ̀la ló pé ogójì ọjọ́ tí a sin ọkùnrin yẹn. Mo ní kí àwọn Àáfà wá ṣàdúrà fún un. Wọ́n ní orúkọ ta ni àwọn máa pè. Ṣé tiyín náà ni kí wọ́n tún pè?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹkún tí mo sun sórí ọmọ ọlọ́mọ kò dùn mí. Èyí tí ìyá rẹ̀ kò tíì sun ló ń dùn mí. Láàárọ̀ ọ̀la, a jọ ń lọ ni."

A lọ sí Fádèyí. Ìyá náà wà níbẹ̀. Àyìnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, àdúgbò Ladi-Lak ló ń gbé. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, mo sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe gba àyè mi tó sì kú, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìgbà tí mo ti mọ̀. Kò kígbe. Ó kàn béèrè pé ta ló sunkún fún Ọláwuyì ọmọ òun. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni, ìyá." Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà pé ojú rẹ̀ kò ní rí ikú ọmọ.

A mú un délé. Àwọn Àáfà ti jókòó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ṣí abọ́ náà. Mọ́ínmọ́ín ni, ó ṣì gbóná. Ó wá kọjú sí mi.

"Àràárọ̀ ni mò ń dìde se é, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo mọ ọjọ́ náà dáadáa: ọjọ́ Ajé tí mo délé ni. Ìyá náà tẹjú mọ́ mi lẹ́nu, ó ń dúró.