Ìgbésẹ̀ Mẹ́ta sí Àgbá Omi

Ohùn mi ló fa gbogbo rẹ̀, ohùn mi yìí tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ.

Moelagi, ọmọ mi obìnrin, ló ń yọ́ alumíníọ̀mù ní abúlé wa ní erékùṣù Savai'i. Ó ti fi í da irin tó máa di ẹ́ńjìnnì mú sí ìdí ọkọ̀ ìpẹja ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lealofi. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló ṣẹ́ mọ́ bàbá wọn lọ́wọ́ lójú òkun. Àpótí oúnjẹ rẹ̀ nìkan ni ìgbì dá padà fún wa.

Láti àárọ̀ ni irin náà ti wà nínú iná ìléru. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Moelagi fi ẹ̀mú gbé e jáde. Àgbá omi kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Àfi bí wọ́n ṣe fun ìkarahun àdúrà ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo abúlé gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ tì kí wọ́n kúnlẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀!" ni mo pariwo.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rì í bọmi ná!"

"Ọlọ́run ń dúró dè ọ́, o ń sọ̀rọ̀ omi! Kúnlẹ̀!"

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà lásìkò àdúrà ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń wẹ̀. Mo sáré gba ojú títì kọjá, ọṣẹ ń ho ní ìdí mi. Gbogbo abúlé ló rí ìdí ńlá yìí! N kò fẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Moelagi gbé irin sórí iyanrìn. A kọ orin méjì. Mo gbàdúrà, mo gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń dùn, mo tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kí a tó ṣe àmín, irin ti tutù fúnra rẹ̀.

Lealofi dé. "Ó mà dán o! Ẹja ti pọ̀ lókun, ọ̀la ni mò ń lọ."

"Irin yìí kò lè bá yín lọ, bọ̀ọ̀dá mi. Kò bọ́ sómi nígbà tó gbóná, bẹ́ẹ̀ láìsí omi, kò lè le. Ó ti rọ̀."

"Rọ̀ bíi búrẹ́dì? Irin náà nìyí, àbí kí ni?"

Moelagi gbé ìṣó lé irin àtijọ́ kan tó ti rì bọmi tẹ́lẹ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ìṣó kàn ha á lára ni. Ó lu tuntun bákan náà. Ìṣó wọlé.

"Màmá," Lealofi yíjú sí mi, "ṣé lóòótọ́ ni?"

"Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo ní kí ó gbé e sílẹ̀."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ, Màmá!"

"Kí wọ́n máa lọ." Mo fi ìdí mi jókòó lé irin náà. "Bí o bá lágbára, gbé ìyá rẹ kúrò." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Lealofi, àpótí oúnjẹ kan ti tó mi."

Ó jókòó tì mí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Moelagi ti dáná padà, kí àsìkò omi má baà bá ti àdúrà pàdé. Lọ́sàn-án, irin bọ́ sómi, ó ké, ó dákẹ́. Moelagi ní iná díẹ̀ ló ń parí iṣẹ́ omi, a bá gbé e sínú ààrò búrẹ́dì mi títí ó fi le. Ìṣó kò wọlé mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Lealofi wọ òkun. Nírọ̀lẹ́, wọ́n fun ìkarahun. Mo kúnlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo pè, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́, kí n lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì.