Ẹni Tó Pàtẹ́wọ́ Jù

Tíṣà Ewì kì í fẹ́ gbọ́ kí ọmọ kan dìde kó ní ewì yìí dára. Inú a máa bí i. Á ní kó jókòó, ta ló bi í bóyá ó dára? Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n sọ kókó tó wà nínú ewì náà, kí wọ́n sì tọ́ka síbi tí wọ́n ti rí i. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ kò ju ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lọ, ariwo ni tiwọn, ṣùgbọ́n tó bá ti kọ ewì àtijọ́ sójú pátákó, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu, torí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í ṣeré tó bá di ọ̀rọ̀ ewì.

Ewì ọjọ́ tí mò ń sọ yìí dá lórí jagunjagun kan tó ti ogun dé. Akéwì yìn ín títí ẹnu fi fẹ́ ya. Ó sọ orí tó bẹ́, ó sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gbẹ mọ́ ọn lápá, ó wá ní nígbà tó wọlé, gbogbo ọmọ ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni ò mira. Tíṣà bi wọ́n pé kí ni kókó ibẹ̀. Ọ̀kan ní ìgboyà ni. Òmíràn ní ọ̀wọ̀ ni, ṣé Tíṣà ò rí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe bọ̀wọ̀ fún un ni? Gbogbo kíláàsì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńsùlù, torí pé ó tín-ín-rín. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó nawọ́. Ó ní kì í ṣe ọ̀wọ̀, ẹ̀rù ni. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá wọn láti ìta, ibi ìró ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ti mọ irú ojú tó gbé bọ̀ wálé. Ó ní ogun náà ò tíì parí, ilé ló kù tó fẹ́ jà.

Ó kù díẹ̀ kí Tíṣà fò sókè. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú ìdáhùn yìí! Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tiẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bí ọmọ kékeré ṣe mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká kàwé ká wá fọ́jú. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún pé òun ní ọmọ kan tó mọ ewì túmọ̀.

Nígbà tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ wọn, Tíṣà ní kí Pẹ́ńsùlù dìde kó tún un sọ. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó wolẹ̀, ó ní òun ti gbàgbé. Tíṣà ní irọ́ ni, kó má tijú, kó sọ ọ́ sókè. Ló bá sọ ọ́. Ọkọ ìyá rẹ̀, awakọ̀ tírélà kan tí àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Òun ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó tún bọ Tíṣà lọ́wọ́, ó dúpẹ́ pé ó ń la ọmọ òun lójú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Pẹ́ńsùlù wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú ẹnu tó wú. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé, àgbàlagbà obìnrin kan tí kì í pariwo, mú un wọ ọ́fíìsì, ó gbé aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ojú bẹ́líìtì ló kún ibẹ̀, tuntun lórí ògbólógbòó. Ọmọ náà ní ọkọ ìyá òun ti búra pé tí òun bá tún sọ ọ̀rọ̀ ilé níta, òkú òun ni wọ́n máa gbé jáde. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ẹni tó fà á.

Ọ̀gá pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù. Obìnrin yẹn sunkún, ó ṣàwáwí, ó wá gbà níkẹyìn pé kí ẹ̀gbọ́n òun máa mú ọmọ lọ sọ́dọ̀. Ó ní àwọn méjèèjì ti ń bọ̀. Ọ̀gá bá sọ fún Tíṣà pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà kúrò ní kíláàsì títí wọ́n á fi dé.

"Tí ọkùnrin yẹn bá wá, dílẹ̀kùn. Má ṣe lù ú. Ìyá ọmọ ti gbà, má jẹ̀ẹ́ kó yí ọkàn padà."

Ọkùnrin náà kúkú wá. Ògiri ilé wọn ò nípọn, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ lórí fóònù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó da ẹ̀ṣẹ́ bo Tíṣà lójú, imú sì fọ́. Tíṣà di férémù ilẹ̀kùn mú lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin náà fi orí kàn án, ó fi orúnkún gbá a nínú, ó ń lu ìka rẹ̀ kó lè tú u kúrò lára igi. Àwọn ọmọ ń ké, wọ́n wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu Tíṣà, ó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èmi ò mọ bó ṣe ṣe é.

Ó rẹ ọkùnrin náà. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ lo ní kó dìde sọ ọ́. Èmi ì bá má mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Tíṣà lára ju gbogbo ẹ̀ṣẹ́ lọ. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó gbé àga, ó fọ́ ọ mọ́ ọkùnrin náà lórí. Ìyẹn ṣubú sórí orúnkún. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní ó tó, ó ní òun ti gbà. Ẹsẹ̀ àga ló kù lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì ń nà án lọ: ó nà án lẹ́nu, ó nà án ní ìhà, ó nà án lórí ìka tó fi ń bẹ̀bẹ̀. Egungun kan dún. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń dùn mọ́ Tíṣà. Ọ̀gá ń pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Ọ̀gá àti ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló wọ́ ọ kúrò lórí ọkùnrin náà.

Nígbà tó gbójú sókè, ìyá Pẹ́ńsùlù dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì aṣọ ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ju báàgì náà sílẹ̀.

"Ẹ ti pa ọkọ mi. Mi ò fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá kúnlẹ̀ fún un tàgbàtàgbà. Ìyá ọmọ àti ọlọ́dẹ gbé ọkùnrin náà lọ sínú takisí, ó ń kérora. Obìnrin náà sì pe ọmọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀.

Pẹ́ńsùlù jáde lábẹ́ tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò fà á. Bàtà ọkọ ìyá rẹ̀ kan ti yọ síbi ìjà náà. Ó mú un, ó fi etí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ara bàtà náà dáadáa, ó sì forí lé ọ̀nà.

Tíṣà sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é lórúkọ, ó fẹ́ ní kó má lọ. Kí ọmọ náà tó yíjú rí ẹni tó ń pè é, ó ti fi apá méjèèjì bo orí.