Iná Àríyọ̀ Tí Kì Í Jẹ Bátìrì

Láti ọjọ́ tí Àríyọ̀ Ládòkun ti gbé páálí gílóòbù ẹlíìdì dé láti Ìbàdàn, etí àwọn ará èbúté kò sinmi mọ́. Ẹni tó bá kí i pé ẹ káàárọ̀, gílóòbù ni yóò fi dá a lóhùn. "Ẹ ti rí i? Kì í jẹ bátìrì! Kì í gbóná! Ẹ fọwọ́ kàn án!" Wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Yóò tún ní kí wọ́n fọwọ́ kan èkejì.

Ọkọ̀ ojú omi ni Àríyọ̀ ń wà lórí adágún Ìkèrè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ pákó ni, ó gùn, ó sì ní yàrá kékeré kan tí wọ́n fi páànù bò lórí fún èrò. Gílóòbù àtijọ́ méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí iná wọn pọ́n rúsúrúsú, tí wọ́n ń fa bátìrì gbẹ bí ẹni rí ọtí ọ̀fẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu kó pààrọ̀ wọn, ta ló máa bá a jà sí i? Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní kó fi méjì rọ́pò méjì. Ó wo obìnrin náà bí ẹni pé orí rẹ̀ kò pé.

"Méjì kẹ̀? Nǹkan tí kì í jẹ bátìrì? Ogún ni màá fi síbẹ̀."

Ogún náà ló sì fi síbẹ̀, funfun báláwú, lókè, lábẹ́ ìjókòó, àní ó so mẹ́wàá mọ́ imú ọkọ̀. Ó ń tàn án láàárọ̀, ó ń tàn án lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn ń yan èèyàn lórí.

Ẹ má rò pé eré lásán ni o. Àwọn obìnrin oníṣu fẹ́ yan ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa kó àwọn àti iṣu wọn wá láti òdìkejì omi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Àríyọ̀ àti Ràmọ́nì ló ń du iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ Ràmọ́nì ti darúgbó, àtùpà kan péré ló sì ní. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ Àríyọ̀, kò sí èrò mìíràn lórí omi náà tó lè gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọkọ̀ tó fi ọdún mẹ́rin kàn yóò di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Àlàájà Sàrátù, olórí àwọn oníṣu, ló máa yàn. Ó ti wọ ti Ràmọ́nì. Ó ku ti Àríyọ̀.

Àfi bí òjò àkọ́kọ́ ọdún ṣe yan ọjọ́ tí Àlàájà máa wọ ọkọ̀ Àríyọ̀ gan-an. Ó rọ̀ lọ́sàn-án, ó dá nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ sì dákẹ́. Gbogbo ọmọ Òkè-Ògùn ló mọ ohun tí irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Wọ́n á gbé abọ́ omi síta, wọ́n á gbé iná sókè rẹ̀. Èsúnsún, ikán abìyẹ́ yẹn, á tú jáde látinú ilẹ̀, á sáré tẹ̀lé iná, á já sínú omi, ó di ọbẹ̀. Ìyá Àríyọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí gílóòbù ti gba gbogbo orí rẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rántí ìyá?

"Bàbá Tèmítọ́pẹ́," Motúnráyọ̀ pè é ní òdìkejì omi, kí wọ́n tó gbéra padà, "ẹ tan ẹyọ kan lónìí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá."

"Òjò àti gílóòbù, kí ló pa wọ́n pọ̀?"

Obìnrin náà lọ jókòó ti bátìrì.

Àwọn oníṣu méjìlá kírun Mọ̀gàríbì tán, wọ́n wọkọ̀ pẹ̀lú iṣu wọn àti àwọn abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ lọ sóko. Àlàájà jókòó láàárín. Àríyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó tẹ súwíìṣì. Yéè! Gbogbo wọn fọwọ́ bojú.

"Àríyọ̀," Àlàájà ní, "ṣé iṣẹ́ abẹ lo fẹ́ ṣe fún wa ni?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Àlàájà. Kì í gbóná."

Ọkọ̀ kò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tí èsúnsún kan fi bà sórí gèlè Àlàájà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, yàrá ọkọ̀ ti kún. Wọ́n ń wọ etí, wọ́n ń wọ imú, wọ́n ń wọ ọrùn aṣọ.

"Ẹ paná!" Motúnráyọ̀ kígbe.

Àríyọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bó bá paná lójú Àlàájà, kí ló kù tó fi ju Ràmọ́nì lọ? "Wọ́n á lọ," ó ní. "Wọ́n kàn wá wòran ni."

Àwọn obìnrin náà kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n lọ. Ta ló máa rí èsúnsún àkọ́kọ́ ọdún tí yóò káwọ́ gbera? Wọ́n gbá abọ́ mú, wọ́n bu omi sí i, wọ́n rọ́ lọ sí imú ọkọ̀ níbi tí iná ti pọ̀ jù. "Sún síwájú jàre!" "Abọ́ tèmi rèé o!" Iṣu yí tẹ̀ lé wọn. Imú ọkọ̀ rì wálẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Ẹ jókòó! Ẹ dákun, ẹ jókòó!" Èsúnsún wọ Àríyọ̀ lẹ́nu, ó tu ú dànù. Ẹ̀rù bà á débi pé kò rántí ibi tí súwíìṣì wà. Motúnráyọ̀ ló fa wáyà já kúrò lára bátìrì.

Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn obìnrin rọra padà sí ìjókòó, wọ́n di abọ́ wọn mú gírígírí. Iná funfun yẹn ti mú ojú Àríyọ̀ débi pé kò rí èbúté, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àtùpà kékeré kan ló yọ lókèèrè. "Ẹ máa tẹ̀ lé mi o, ẹ rọra!" Ràmọ́nì ni. Ẹ̀yìn àtùpà rẹ̀ ni wọ́n gbà dé ilẹ̀.

Àlàájà gbọn gèlè rẹ̀. "Ọkọ̀ Ràmọ́nì la ó máa wọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n má tú gílóòbù yẹn o, Àríyọ̀. Jọ̀ọ́."

Òjò kejì rọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ Àríyọ̀ wà lórí ìso létí omi, ìdajì obìnrin àdúgbò tò yí i ká pẹ̀lú abọ́. Àlàájà ló wà níwájú, agbada ńlá ló gbé dání. Ọkọ̀ Ràmọ́nì ń kọjá lọ lórí omi, iṣu kún inú rẹ̀.

"Àríyọ̀, ó ti tó àkókò, tan án!"

Ó tẹ súwíìṣì. Ogún gílóòbù tàn yòò, inú àwọn obìnrin dùn, ojú sì ti Àríyọ̀ débi pé kò lè gbórí sókè. Nígbà tó yá, Motúnráyọ̀ wá bá a níbi tó jókòó sí, ó bu èsúnsún yíyan sí i lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ ẹ́," ó ní. "Kì í jẹ bátìrì."