Ipénpéjú Pil-rye

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Eun-suk pe Pil-rye, ìyá rẹ̀ tó wà ní Daegu, láti Seoul. Kò tilẹ̀ kí i délẹ̀ tó fi bẹ́nu lé ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú yín o! Mo ti bá dókítà gidi kan sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ìka lẹ fi ń gbé ipénpéjú yín sókè kí ẹ tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní ó jọ pé iṣan tó ń gbé e ló ti dẹ̀. Bí wọ́n bá gé awọ lásán, asán ni!"

Yìnyín tí Pil-rye gbé lé ojú ń yọ́ bọ̀ sí i lọ́rùn.

"Àná ni wọ́n gé e."

Igbe tí Eun-suk ké, kò nílò tẹlifóònù kó tó dé Daegu.

"Ta ló mú yín lọ?"

"Àwa ẹlẹ́sùúsú ni. Àwa mẹ́rin la jọ lọ. Téèyàn bá pọ̀, wọ́n máa ń dín owó rẹ̀ kù."

"Ṣé ojú lẹ lọ ṣe ni, àbí ẹ lọ ra kábéèjì tẹ́ ẹ máa fi ṣe kimchi?"

Pil-rye gbé tẹlifóònù sórí àga, ó ní kó máa pariwo lọ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti sú u. Ta ló ń wá ẹwà? Aṣọ hanbok ìgbéyàwó Da-hye, ọmọ Eun-suk, ló wà lórí tábìlì, síliki pupa tí kò tíì rán dé ìdajì. Kó ṣáà rí ojú abẹ́rẹ́ ni.

Nígbà tí wíwú ojú wọn fi máa wálẹ̀, ìlà kan náà ló wà lórí ipénpéjú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù kan ló tẹ̀ wọ́n. Àwọn mẹ́ta yòókù ń yọ̀. Ipénpéjú Pil-rye tún wá sọ̀ kalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Eun-suk gbé omi elégédé wá, èyí tí wọ́n ń mu kí wíwú ojú lè wálẹ̀, ó sì wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ ní Seoul. Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ irun òkè ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ lajú."

Ojú kò là.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Iwájú orí yín ló ti ń bá yín lajú látọjọ́ yìí. Ìgbà tí wọ́n gé awọ tó wúwo kúrò, ó rò pé iṣẹ́ ti parí, ló bá sinmi. A máa ká iṣan tó ń gbé ipénpéjú yẹn kúrú, a máa rán an mọ́lẹ̀. Àmọ́ ojú egbò gbọ́dọ̀ rọ̀ ná. Ó di ìgbà ìwọ́wé. Kí wọ́n má sì tún gé awọ kankan o, ojú yẹn ò ní lè pa dé mọ́."

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé Daegu, kò tíì tán.

"Oṣù tó ń bọ̀ nìgbéyàwó, Màmá! Mo mọ ibì kan ní Gangnam tí wọ́n á ti tún ìlà yẹn gé kó rẹwà. Kí làwọn àna wa máa sọ tí wọ́n bá rí fọ́tò? Wọ́n á ní ìyá àgbà ìyàwó ń sùn!"

"Kí wọ́n jí mi."

"Ẹ ẹ̀ kúkú ń gbọ́ràn!"

Pil-rye jókòó ti síliki pupa náà. Ó fìka gbé ipénpéjú òsì sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ dáadáa.

"Ìyá Da-hye, mi ò lọ sí Gangnam. Ojú tí mo ní yìí ni màá gbé lọ síbi ìgbéyàwó, màá gbé àgbọ̀n sókè nínú fọ́tò. Tó bá dìgbà ìwọ́wé, màá lọ kí dókítà yẹn rán iṣan mi. Èmi náà ni màá parí aṣọ yìí. Ìwọ jókòó síbí, kó o máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi."