Báárọ̀n Tó Gbẹ̀yìn Oyè Wexcombe

Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni Ambrose Thirlby, Báárọ̀n kẹsàn-án ti Wexcombe, àpọ́n gidi sì ni. Ajá méjì àti wàràkàṣì nìkan ni aráyé mọ̀ pé ó fẹ́ràn. Oorun rẹ̀ kò dín, àmọ́ Honoria, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò rí oorun sùn. Ọkùnrin nìkan ló ń jẹ oyè ìdílé wọn. Bí Ambrose bá kú láìní ọmọkùnrin, oyè parun nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, nídìí tíì, Honoria na ọwọ́ sí àwòrán àwọn báárọ̀n mẹ́jọ tó ti kú, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. "Ambrose, wọ́n ń wò ọ́ o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò kúkú níṣẹ́ mìíràn."

"Lọ fẹ́ Tabitha Crouch! Opó ni, kò tíì ju ogójì ọdún lọ, ọmọkùnrin mẹ́rin ló sì bí tẹ̀léra."

Ni Ambrose bá lọ. Ọtí ápù ni Tabitha ń pọn tà. Inú àgbá tó ń fọ̀ ni orí rẹ̀ wà nígbà tí báárọ̀n dé.

"Ìyáàfin Crouch, mo wá tọrọ nǹkan."

"Ìgò mélòó?" ni àgbá dáhùn.

"Kì í ṣe ìgò. Ẹ̀yin ni mo wá tọrọ."

Tabitha yọrí, omi ń kán nírun rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àgbá mú. "Báárọ̀n, ẹ̀gbọ́n yín ló rán yín, àbí?"

"Òun ni."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́?"

Etí Ambrose pọ́n wẹ̀. "Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń wá ra ọtí yín ní gbogbo Sátidé. Mi ò fẹ́ràn ọtí ápù."

"Kí lẹ wá ń fi í ṣe?"

"Ìdí òdòdó ni mò ń dà á sí."

Tabitha ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ lọ bá àlùfáà sọ̀rọ̀," ló wí.

Kí ọdún tó yípo, ó ti lóyún. Honoria ti sọ ọmọ inú ní Marmaduke, Báárọ̀n kẹwàá. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, agbẹ̀bí jáde wá: "Obìnrin ni."

"Padà lọ wò ó dáadáa!" ni Honoria ké.

Ambrose ti gbé ọmọ. Ọmọ náà gbá irunmú rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀rín ń pa baba, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò lè jẹ oyè yẹn o, Ambrose!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì leyín. Kí ni yóò fi jẹ ẹ́?"

Obìnrin ni wọ́n tún bí ṣèkejì. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Ambrose kú, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù pé oyè Wexcombe ti parun. Honoria kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fò dìde.

"Wọ́n ṣi Thirlby kọ! Bí yóò bá parun, kó parun dáadáa!"

Tabitha lọ bá a wá gègé àti tàdáwà.