Ẹ̀tọ́ Ìyá Abdulazeez

Ẹni tó bá bá Mofẹ́olúwa gbé ilé kan náà ní Ajangbadi lóṣù yẹn ti di lọ́yà, ó fẹ́, ó kọ̀. Ìdánwò àtiwọ ẹ̀ka òfin ní yunifásítì ni ọmọbìnrin náà ń múra fún. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi, ibi tí wọ́n ti ní kó fi àpẹẹrẹ ti ara rẹ̀ ṣàlàyé ló sì ń ṣubú sí. Ó ti lóun ò ní ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin láyé. Ló bá há Orí Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà, níbi tí wọ́n to ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sí, sórí ketekete. Màmá rẹ̀ ní kó fọ abọ́, ó ní òfin ò fàyè gba iṣẹ́ tipátipá. Obìnrin náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í tètè bínú, á kàn béèrè abala tí wọ́n kọ oúnjẹ ọ̀fẹ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mofẹ́ á wá abọ́ fọ̀.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ìwé ìbéèrè àtijọ́ rẹ̀ di àwátì. Ó tú yàrá, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, kò rí i. Ebi wá lé e lọ sẹ́nu géètì, lọ́dọ̀ Ṣàkírát tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Abdulazeez, tó ń yan bọ̀ọ̀lì. Ìyá wé bọ̀ọ̀lì fún un. Bébà tó fi wé e ńkọ́? Ìbéèrè ìdánwò ni, gbàràgàdà.

Mofẹ́ fariwo ta. Lójú àwọn oníbàárà, ó ní ìyá ti fa ìwé òun ya, ó ní ṣebí ó wọ yàrá àwọn lánàá wá yá àwo. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, ẹnìkan tiẹ̀ ti ń lọ. Ìyá Abdulazeez rọra ń fẹ́ná.

“Mofẹ́, ojoojúmọ́ lò ń ka ìwé òfin yẹn sí mi létí láti ojú fèrèsé. Ṣé kò síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n bi mí kí wọ́n tó pè mí lólè?”

Ó wà níbẹ̀. Abala kẹrìndínlógójì ni, Mofẹ́ mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ojú tì í gan-an.

Ibẹ̀ ni màmá rẹ̀ ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìyànà Ìbà, nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ìwé ìbéèrè Mofẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oje àbẹ́là lẹ́yìn ìwé náà. Oorun ni ọmọ ń sùn láàárọ̀, kò sì fẹ́ jí i, ló bá gbé ìwé lọ sórí pẹpẹ kí wòlíì gbàdúrà sí i. Bébà Ìyá Abdulazeez, ìdì kan ló rà á ní Okokomaiko, ìwé ẹlòmíì ni.

Mofẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń bẹ̀bẹ̀.

“Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni,” ni Ìyá Abdulazeez wí. “Ìwọ ò gbọ́ ti ẹnì kankan. Kí la ó wá máa pe tìẹ, lọ́yà?”

Ó fi bọ̀ọ̀lì kejì lé e lọ́wọ́, ó ní kó dìde, kó lọ kàwé.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ìdánwò, ìbéèrè àpẹẹrẹ yẹn tún yọjú: ṣàlàyé ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni, fi àpẹẹrẹ tìrẹ tì í. Mofẹ́ gbàgbé gbogbo àkọ́sórí. Ó kọ nípa obìnrin kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì ní Ajangbadi, àti ọmọ aláìmoye kan tó pè é lólè. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Nígbà tí èsì dé, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó yege. Ẹnu géètì ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́, kó tó wọlé lọ bá màmá rẹ̀.